Wọ́n Ti Tún Un Ṣe, Ṣùgbọ́n Kò Kàn Mí

Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Àléébù kan ń bẹ nínú sọ́fítíwíà tí a fi ń tẹ sítíkà ẹrù níbi iṣẹ́ wa. Àwọn tó ni ín ti rí i, wọ́n ti gbà pé àléébù ni, wọ́n sì ti tún un ṣe pátápátá. Àtúnṣe náà wà láyé, àwọn ẹlòmíì ti ń jẹ ìgbádùn rẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n lọ jókòó. Ẹ̀yà stable ni mo ń lò, èyí tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ mì, àwọn tó ń ṣọ́ ẹnubodè rẹ̀ sì ní ohun tó ń ṣe mí kò tó èyí tí àwọn ń tìtorí rẹ̀ ṣílẹ̀kùn. Kí n ní sùúrù di ẹ̀yà tuntun. Ìgbà wo ni ẹ̀yà tuntun? Ìgbà tó bá jáde.

Al Taawun ni mo ń gbé, ní Sharjah, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé gogoro tó wà nítòsí Expo Centre. Dubai ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ti há sójú ọ̀nà Al Ittihad láàárọ̀ ọjọ́ Ajé rí yóò ti mọ irú ẹni tí mo jẹ́: ẹni tí inú ti bí kó tó dé ẹnu iṣẹ́. Ọ́fíìsì kágò kan ní Deira ni. Iṣẹ́ mi kò ju pé kí n kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tí ẹrù ń lọ bá ní Nàìjíríà sínú kọ̀ǹpútà, kí n tẹ̀ ẹ́ jáde, kí àwọn ọmọ ìsàlẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí. Ta ni kò lè ṣe ìyẹn? Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn oníbàárà wa kì í jẹ́ John. Ọláṣubọ̀mí ni wọ́n ń jẹ́, Ẹ̀pẹ́ àti Ọ̀wọ̀ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ni ẹrù wọn ń lọ.

Mo tẹ Ọ̀wọ̀, w kan ṣoṣo ló jáde, àpótí kékeré kan ṣáájú rẹ̀, òmíràn tẹ̀lé e. Mo tẹ Ẹ̀pẹ́: àpótí, p, àpótí. Ògbómọ̀ṣọ́ dára títí dé m, lẹ́yìn náà ó wó. Alhaja tó ni ọ́fíìsì mú sítíkà kan, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó tún nà án jìnnà, ó ní, "Bọ̀dá, ṣé orúkọ lẹ ń kọ ni àbí fèrèsé lẹ ń yà?" Àwọn ọmọ ìsàlẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín, bí kì í bá ṣe pé orúkọ mi wà nísàlẹ̀ sítíkà náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ ọ́.

Ti Ọ̀tà ló wá burú jù. Prínta wa ní ìwà kan: bí àpótí bá bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, nígbà mìíràn kì í tẹ̀ ẹ́ rárá, ńṣe ló máa ń fò ó. Báyìí ni páálí ńlá kan tó yẹ kó lọ sí Ọ̀tà ṣe gúnlẹ̀ sí Èkó pẹ̀lú "TÀ" gàdàgbà lára. Ọmọ tó gba ẹrù níbẹ̀ rí "TÀ", ọmọ tó sì gbọ́ràn ni. Kí a tó fi fóònù bá a, ó ti dá iye lé àwọn ìkòkò inú rẹ̀, ẹnìkan ti ń ná an, wọ́n kù díẹ̀ kí wọ́n dé owó ìkẹyìn.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tí a jọ ń gbé, tó jẹ́ pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe jẹun, ló là mí lójú sí ohun tó fà á. Ó ní nínú Unicode, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà gbogbo ayé fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ẹ ní ààyè tirẹ̀, ọ ní ààyè tirẹ̀, ṣ náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àmì ohùn bá gun orí ẹ tàbí ọ, kò sí ààyè kan ṣoṣo tó gba àwọn méjèèjì. Lẹ́tà á wà lọ́tọ̀, àmì á wà lọ́tọ̀, sọ́fítíwíà ni yóò so wọ́n pọ̀ nígbà tó bá ń tẹ̀wé. Tiwa kì í so wọ́n. Ohun méjì ló ń bá níbi tó ti ń retí ẹyọ kan, orí rẹ̀ á dàrú, á ya fèrèsé. Lọ́dọọdún, nínú oṣù Kọkànlá, Ìpàtẹ Ìwé Àgbáyé Sharjah máa ń wáyé ní Expo Centre, níwájú ilé wa níbẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi onírúurú èdè kọ máa ń kún inú gbọ̀ngàn náà bámúbámú, kò sì sí èyí tó ya fèrèsé nínú wọn. Mo kàn ń sọ ọ́ ni.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ni sọ́fítíwíà náà. N kò ní dárúkọ wọn. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, ìwà pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fi ń dá ni lágara. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní kí n fi àwòrán sítíkà ránṣẹ́. Wọ́n béèrè irú prínta tí a ní. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá béèrè, tẹ̀rín-tẹ̀rín, bóyá ọgbọ́n kan wà tí a ń ta sí i ní báyìí ná. Mo sọ bó ṣe rí: Alhaja ti pàṣẹ pé kí n máa kọ gbogbo rẹ̀ ní ṣákálá, láìsí àmì, OWO, EPE, OTA. Ó parí. Àléébù tí ènìyàn bá ti lè yẹ̀ sílẹ̀ fún, lójú tiwọn, àléébù yẹpẹrẹ ni. Wọ́n kọ "minor" sí i lára. Wọ́n ṣe àtúnṣe rẹ̀ nígbà tó yá, wọ́n sì dárí rẹ̀ sínú ẹ̀yà tí kò tíì jáde.

Kí n má bàa bú ẹni tí kò ṣẹ̀, mo lọ wo bí àwọn àgbà iṣẹ́ yìí ṣe ń ṣe é. Ẹ wo Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà. Linus Torvalds ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1991, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń yí kernel rẹ̀, tó jẹ́ ọkàn gbogbo rẹ̀, padà. Ní 2005 ni wọ́n ya ẹ̀ka stable sọ́tọ̀ fún àwọn tí kò fẹ́ ìyípadà ojoojúmọ́. Greg Kroah-Hartman wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, ó sì ń bójú tó o títí di òní. Òfin ẹnubodè wọn kò fara sin. Àtúnṣe gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ wà lọ́dọ̀ Linus. Kò gbọdọ̀ ju ọgọ́rùn-ún ìlà lọ. Ohun tó ń yọ ènìyàn lẹ́nu ní tòótọ́ ni kó jẹ́, kì í ṣe èyí tí ẹnìkan rò pé ó lè ṣẹlẹ̀. Títí débẹ̀, mo ń mi orí. Ìgbà náà ni mo kan ibi tí wọ́n ti ní àtúnṣe yẹpẹrẹ kò gbọdọ̀ wọlé, wọ́n sì fi títún sípẹ́lì kọ ṣe àpẹẹrẹ. Mo gbé fóònù sílẹ̀. Gbogbo ohun tí mo fi ń jẹun ní Deira, sípẹ́lì ni.

Debian, àwọn tó ń kó Linux àti sọ́fítíwíà mìíràn pọ̀ fún aráyé lò, ní tiwọn, bí ọdún méjì méjì ni wọ́n ń gbé stable tuntun jáde, orúkọ àwọn ẹ̀dá inú fíìmù Toy Story ni wọ́n sì fi ń sọ wọ́n: bookworm ní 2023, trixie ní 2025. Ẹ̀yà tí wọn kì í fi nǹkan dù, tí gbogbo àtúnṣe ń wọ̀ bó ṣe wù ú, sid ni wọ́n pè é, orúkọ ọmọ tó máa ń fọ́ nǹkan ìṣeré nínú fíìmù náà. Ẹ ò rí i pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe? Bí stable bá ti jáde, àtúnṣe ààbò àti ti àléébù tó burú nìkan ló ń wọlé. Ìpele méje ni wọ́n pín àléébù sí. Critical ló wà lókè, ìyẹn èyí tó lè ba gbogbo kọ̀ǹpútà jẹ́. Wishlist ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Mo mọ ibi tí wọ́n máa ní kí Ọ̀tà lọ jókòó sí.

Mo ké gbogbo èyí sétí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yìí lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó jẹ́ kí n ké tán. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Àwọn èèyàn yẹn mọ ohun tó ń lé wọn."

Ó wá sọ ìtàn OpenSSL fún mi. Ní 2006, ẹni tó ń tọ́jú sọ́fítíwíà náà fún Debian rí i pé ètò ayẹ̀wò kan tí wọ́n ń pè ní Valgrind ń ráhùn lórí ìlà kóòdù kan. Ó yọ ohun tó ń mú un ráhùn. Valgrind dákẹ́. Àṣé ibẹ̀ gan-an ni OpenSSL ti ń bu àdàlù tó fi ń rọ kọ́kọ́rọ́ àṣírí, kí ẹnikẹ́ni má lè méfò rẹ̀. Látìgbà náà, kọ́kọ́rọ́ tí kọ̀ǹpútà Debian lè rọ fún irú kan àti ìwọ̀n kan kò ju 32,768 lọ, iye tí olè tó ní kọ̀ǹpútà lè dán wò tán láìlàágùn. Ó bá stable ọdún 2007 wọlé. Oṣù Karùn-ún 2008 ni wọ́n tó kéde rẹ̀, gbogbo ayé sì ń sáré rọ kọ́kọ́rọ́ tuntun. "Àtúnṣe ni wọ́n pe ìyẹn o, Ẹ̀gbọ́n. Ó kéré, ó sì mọ́ lójú."

Kò dúró níbẹ̀. Ó ní ṣé mo rántí ti xz, sọ́fítíwíà tó ń fún fáìlì pọ̀, ní oṣù Kẹta 2024? Onímọ̀ sọ́fítíwíà kan tó ń jẹ́ Andres Freund rí i pé wíwọlé sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ jù, ó tú u dé gbòǹgbò, ó sì bá ọ̀nà ẹ̀bùrú tí ẹnìkan ti là sínú ẹ̀yà xz tuntun. Àwọn tó ń sáré tẹ̀lé ohun tuntun ni ó bá. Àwọn tó wà lórí Debian stable ń sùn.

Mo ní ó dáa, èmi náà ní tèmi. Ní oṣù Kejìlá 2023, Debian fẹ́ gbé 12.3 jáde, àkójọ àtúnṣe kéékèèké fún bookworm. Kernel 6.1.64 ló wà nínú rẹ̀, nínú kernel yẹn sì ni àtúnṣe kan wà fún ext4, ètò tí Linux fi ń to fáìlì sórí dísìkì. Àtúnṣe gidi ni. Ó ti wà lọ́dọ̀ Linus, ó sì gba ẹnubodè kọjá. Ṣùgbọ́n ó ní àyípadà mìíràn kan tó gbára lé, tó ti wà nínú kernel tuntun, tí kò sì sí nínú 6.1. Wọ́n gbé gángan wá, wọ́n gbàgbé kọ̀ǹgọ́ sílé. Bí ètò kan bá wá ń kọ nǹkan tààrà sórí dísìkì, ojú ibi tó yẹ kó kọ ọ́ sí á yẹ̀, dátà á sì bàjẹ́. Debian figbe ta pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe update, wọ́n dá 12.3 dúró, wọ́n fò ó, wọ́n gbé 12.4 jáde lọ́jọ́ kẹwàá oṣù náà.

Mo bi í léèrè: àwọn oníbodè tó jẹ́ kí ìyẹn wọlé, ṣé àwọn kan náà kọ́ ló ń fọwọ́ dí ọ̀nà mọ́ Ọ̀tà? Ó rẹ́rìn-ín, kò dáhùn. Mo tún fi ti CrowdStrike, iléeṣẹ́ tó ń ṣe sọ́fítíwíà ààbò, kún un fún un. Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Keje 2024, ọjọ́ Jímọ̀ ni. Microsoft ní nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́jọ àti ààbọ̀ kọ̀ǹpútà Windows ló dákú. Ní pápákọ̀ òfurufú Dubai níbí, ó kan ibi tí àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kan ti ń gba èrò wọlé ní Terminal 1 àti 2. Kì í tiẹ̀ ṣe ẹ̀yà sọ́fítíwíà tuntun ló fà á. Fáìlì ìsọfúnni kan lásán ni, irú èyí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láìdúró de ẹ̀yà tuntun, kí ohun ààbò yẹn lè máa dá ọ̀tá mọ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹnubodè kọjá. Mo gbà pé àwọn yẹn kì í ṣe ará Debian. Ṣùgbọ́n ẹni tí inú ń bí kì í ya àwọn mọ̀lẹ́bí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹnìkan wà tó lóye ẹ̀dùn mi jù gbogbo wọn lọ, Òyìnbó ni, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwíà ló sì ti wá. Jamie Zawinski ló ń jẹ́. Òun ló kọ XScreenSaver, ètò tó ń ya àwòrán sójú kọ̀ǹpútà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá lò ó, tó sì ń tì í pa. Ó ń tún àléébù ṣe, ó ń gbé ẹ̀yà tuntun jáde, Debian stable sì ń pín èyí tó ti gbó. Àwọn tó ń lo èyí tó gbó wá ń kọ̀wé sí i láti fẹjọ́ ohun tó ti tún ṣe tipẹ́ sùn ún. Ó sú u. Ó fi ìkìlọ̀ pa mọ́ sínú ètò náà pé bí ẹ̀yà bá ti pẹ́ jù, kó máa sọ fún ẹni tó ń lò ó pé ohun tó mú lọ́wọ́ ti gbó gan-an, kó lọ gba tuntun. Ní 2016, ìkìlọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú sí àwọn tó ń lo Debian stable. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Lórí kí ni? Lórí bóyá kí wọ́n yọ ìkìlọ̀ náà kúrò! Zawinski ní dípò ìyẹn, kí wọ́n kúkú yọ XScreenSaver kúrò lọ́dọ̀ wọn. Bí mo bá pàdé ọkùnrin yẹn ní Deira, mà á ra tíì fún un.

Ní tòótọ́, tí mo bá pa ìbínú tì, n kò sọ pé kí wọ́n ṣí ẹnubodè sílẹ̀ gbayawu. Ìtàn OpenSSL yẹn dẹ́rù bà mí. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn nǹkan ni mo ní ẹjọ́ sí. Wọ́n ní kó jẹ́ ohun tó ń yọ ènìyàn lẹ́nu. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ó ń yọ ènìyàn lẹ́nu? Ẹni tó bá kọ̀wé ni wọ́n ń gbọ́. Yoòbá tó ń tẹ orúkọ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, tí fèrèsé jáde, kì í kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni. Á pòṣé, á pa àmì rẹ́, á tẹ̀ ẹ́ ní ṣákálá, á bá tirẹ̀ lọ. A ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́, lórí ìwé ìrìnnà, lórí káàdì báǹkì, lórí ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́. Gbogbo ẹni tó pa àmì rẹ́ ti bá àléébù náà fi ara pamọ́. Tí àwọn oníbodè bá wá wo àkọsílẹ̀ wọn, ènìyàn kan ṣoṣo ni wọ́n máa rí tó ń ráhùn láti Al Taawun. Ẹni kan ṣoṣo kò tó ìdí tí wọ́n fi máa mi stable.

Wọ́n tilẹ̀ ti fi ẹ̀rọ kún un báyìí. Sasha Levin, tó ń bá Kroah-Hartman tọ́jú kernel stable, ṣe ètò kan tó ń wo irú àtúnṣe tí wọ́n ti mú wọlé tẹ́lẹ̀, tó sì fi ń ṣa àwọn mìíràn tó jọ wọ́n. Ó ń bá wọn rí ohun tí ojú ènìyàn fò, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun tó bá jọ èyí tí wọ́n ti máa ń mú ló ń mú. Kò tíì sẹ́ni tó mú Ọ̀tà rí, kí ni yóò fi jọ?

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yìí gba ọ̀ràn náà mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ní ní Ubuntu, tó jẹ́ ẹ̀yà Linux bíi Debian, bí wọ́n bá fẹ́ mú àtúnṣe wọ stable, ẹni tó gbé e wá á kọ ọ́ sílẹ̀, ìṣísẹ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, bí a ṣe lè rí àléébù náà àti ibi tí nǹkan lè ti bàjẹ́ bí wọ́n bá tún un ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, àtúnṣe náà á jókòó síbì kan fún ọjọ́ méje ó kéré tán, kí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn dán an wò. Ó bá mi kọ̀wé lọ́nà yẹn sí àwọn tiwa tí n kò dárúkọ. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dùn ju tèmi lọ, kò sì sí èébú nínú rẹ̀. Wọ́n fèsì láàárín ọjọ́ díẹ̀. Wọ́n ní àwọn lè gbà, bí a bá kó àpẹẹrẹ tó pọ̀ wá, kí ó sì ju ènìyàn kan lọ tó dán an wò lórí prínta gidi.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ilé dàrú. Mo ní kí oníkálukú àwa tí a jọ ń gbé mú orúkọ ìlú tó ní àmì jù wá. Ẹni tó wá láti Ìjẹ̀bú ní tiwọn ló yẹ kó ṣáájú. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní ta ló bá wọn kọ lẹ́tà, ó ka lẹ́tà ìlú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó lu àyà. Ọ̀gbẹ́ni kan tó jẹ́ ará Ọ̀wọ̀, tí kì í sọ̀rọ̀ láti ìgbà tó ti gba bed space, ìyẹn àyè bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo, nínú ilé wa, dìde nílẹ̀, ó ní ìlú òun kò ní ju lẹ́tà mẹ́ta lọ, méjì sì ti bàjẹ́ nínú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má bá òun jiyàn lórí ẹni tí ìyà jẹ jù. A fi Ọ̀wọ̀ ṣáájú.

Orúkọ ìlú ti pọ̀ tó, ti ènìyàn ló kù. Ẹni tó bá wà ní Sharjah tàbí Dubai, tí orúkọ rẹ̀ ní ẹ tàbí ọ tó gbé àmì lórí, kó mú un wá, kó sì mú prínta bó bá ní. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń wà nílé. Ẹ má wá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ o. Ẹ ò ní ríbi gbé mọ́tò sí ní Al Taawun, ẹ á sì wá bínú sí èmi.